Ojú Ìwé Mẹ́jọ

Agbowó, iwájú Yunifásítì, ṣọ́ọ̀bù kejì sí gọ́tà.
Àlòkù ni ẹ̀rọ mi, ó máa ń wúkọ́ kó tó tẹ̀wé.
Ojú kan, náírà márùn-ún.
Mo ti tẹ ìwé ìwádìí àwọn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí,
mo ti tẹ ìwé ìkéde òkú,
èsì ìdánwò tí mo mọ̀ dájú pé ayédèrú ni.
N kì í kàwé oníwèé.

Ìbírónkẹ́ ló kó mi sí kíkà.
Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń dé, tí èrò bá ti fọ́n ká,
bébà méjì tó fi báírò yà, tojú tẹ̀yìn,
tí a bá ṣẹ́ ẹ po, ó di ojú ìwé mẹ́jọ.
Ogójì ẹ̀dà. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò ó o.”
Ta ni yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò ní wò?

Obìnrin méjì ni, nínú àpótí kéékèèké,
wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Òkè-Òfà,
páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wọn,
ọ̀kan ń tú irun èkejì.
Ọ̀kan ní, “Ó wù mí.”
Èkejì ní, “Kí ló wù ọ́?”
Àpótí tó tẹ̀lé e ṣófo.
Mo rò pé tónà ló tán.

Kò mọ ẹsẹ̀ yà.
Gbogbo èèyàn rẹ̀ ló dúró sẹ́yìn tábìlì
tàbí nínú àgbàrá tó mù wọ́n dé orúnkún.
Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín:
“Ẹsẹ̀ le ju ojú lọ, ẹ̀gbọ́n.”

Inú èdè wa gan-an ló fi wọ́n pamọ́ sí.
“Ó ti sùn.” “Ó ní kí n kí ọ.” “Ó ń dá mi lọ́run.”
Ta ni *ó*? Yorùbá kì í tú aṣọ wò.
Ọkùnrin ń jẹ́ ó, obìnrin ń jẹ́ ó,
ajá tó ń gbó lóde yìí náà, ó ni.
Ọlọ́pàá lè ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin
kó dá a padà tẹ̀rín-tẹ̀rín.
Àwòrán nìkan ló ń tú àṣírí.

Ó ní òun kọ́ ni àkọ́kọ́.
Ó ní nọ́ọ̀sì kan wà ní Adéọ̀yọ́, Ládiméjì,
nígbà tí sójà ń ṣèjọba,
tó máa ń ya ọkùnrin méjì tó ń jó sẹ́yìn káàdì aláìsàn.
Nígbà tó kú, ẹbí kó bébà rẹ̀ tà ní kílò,
àkàrà ni wọ́n fi ń dì ní Yemẹtù.
Ẹnìkan jẹ tiẹ̀ tán, ó na bébà sí oòrùn,
òróró ti sọ ọ́ di gíláàsì:
ọkùnrin méjì, ọwọ́ lé èjìká.
Ẹni yẹn kò jù ú nù.
Ẹni yẹn ló kọ́ Ìbírónkẹ́ bí a ṣe ń di báírò mú.

Òfin dé nígbà ọyẹ́.
Ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n ní.
Wọ́n máa ń sọ pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.
Onílé ni Ìbírónkẹ́, Òkè-Òfà ni wọ́n bo ibi rẹ̀ mọ́.
Sàlámọ̀tù, onírun inú àpótí, ló kọ́kọ́ lọ;
ìyàwó tíṣà kan ni ní Ìṣẹ́yìn báyìí, wọ́n ní ó sanra.
Èmi náà, kí n má purọ́,
mo sọ fún un pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.
Ẹ̀rọ ò bàjẹ́.
Ó wo iná tó ń tàn lára rẹ̀, ó wò mí,
ó ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n.”

Bébà kan ṣẹ́kù lórí tábìlì. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbàgbé ni.
Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ ẹ̀dà kan.
Ibùsùn ni, aṣọ ìbora ni, kò sí ojú ẹnìkankan,
ẹsẹ̀ mẹ́rin ló yọ nísàlẹ̀ aṣọ.
Mo ka ọmọ ìka wọn.
Ẹsẹ̀ kan ní mẹ́rin péré.
Mo mú báírò kí n fi ọ̀kan kún un,
mo tún gbé e kalẹ̀.